Bí ẹ bá fẹ́ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú ní Tokyo

Òru márùn-ún ni èmi àti àbúrò mi obìnrin sùn ní Ueno, àdúgbò kan ní Tokyo, nínú irú òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní "bijinesu hoteru" ní Japan. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rìnrìn àjò ni wọ́n dìídì ṣe é fún: yàrá rẹ̀ kéré, ó mọ́ tónítóní, kò sì jìnnà sí rélùwéè.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ iye èèyàn tó máa sùn síbẹ̀ gan-an, torí owó ẹni kan àti ti ẹni méjì sábà máa ń yàtọ̀ nínú yàrá kan náà. Ẹ wo bẹ́ẹ̀dì dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ "semi-double" sí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 120 lọ. Orí rẹ̀ lèmi àti àbúrò mi há mọ́ ní òru àkọ́kọ́, mi ò fojú ba oorun. Ẹni méjì, "twin" ni kí ẹ mú, bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà níbẹ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ òórùn sìgá, "kin'en" ni kí ẹ béèrè.

Àárọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú wa balẹ̀, agogo mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n sì ń fúnni ní yàrá. Ẹ gbé ẹrù yín fún wọn nísàlẹ̀, kí ẹ lọ wá oúnjẹ jẹ. Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ náà, wọ́n á bá yín tọ́jú rẹ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ṣe ẹ̀dà páálí ìrìnnà yín, ẹ má fòyà, òfin wọn ni.

Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, fólìtì 100 sì ni iná wọn. Ilé ni kí ẹ ti ra adápítà ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹlẹbẹ. Ẹ má fowó sílẹ̀ fún ẹni tó ń tún yàrá ṣe. Kì í ṣe àṣà wọn.

Ẹ ó bá aṣọ alẹ́ tí wọ́n ń pè ní yukata nínú yàrá. Ẹ kọ́kọ́ fi etí rẹ̀ ti ọ̀tún kan ara, kí ti òsì wá borí rẹ̀. Òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún ní òdìkejì, òdìkejì yẹn ni mo sì wọ̀ lọ síbi ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìyá àgbà kan tó wà níbẹ̀ rọra tú u, ó tún un wọ̀ fún mi bí ẹni ń múra fún ọmọ rẹ̀. Mi ò gbédè rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, òun náà tẹrí ba.