Omi ni kí ẹ máa ṣọ́: bí mo ṣe ń jáde sínú igbó ní Rovaniemi nígbà ìwọ́wé

Ọjọ́ tí òtútù kọ́kọ́ fẹ́ pa mí ní Fínlándì, yìnyín kankan kò tíì já. Oṣù kẹsàn-án ni, ìwọ̀n 6 lókè òdo ni ọjọ́ náà, oòrùn sì ń ràn. Mo wọ tíṣẹ́ẹ̀tì méjì léra, mo wọ súwẹ́tà òwú, mo fi jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn bò ó, mo wá fa jíǹsì wọ̀. Mo ti rò pé òtútù ò ní lè rí mi mú. Mo gun Ounasvaara, òkè tó wà ní òdìkejì odò sí àárín ìlú Rovaniemi, mo ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kí n tó dé orí rẹ̀, òógùn ti jẹ́ kí aṣọ mi rin gbingbin. Mo jókòó láti jẹun. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé tí eyín mi fi ń lu ara wọn, ọwọ́ mi kò sì lè ṣí ìdérí kúlà oúnjẹ mọ́.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo padà dé. Ọdẹ ni bàbá náà nígbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì dára. Ó di ìdí súwẹ́tà mi mú, ó fún un, omi kán sílẹ̀. Ó ní òtútù kọ́ ló mú mi, omi ni. Láti ọjọ́ yẹn, ojú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń wo gbogbo nǹkan níbí: aṣọ, bàtà, igi ìdáná, títí dé orí adágún.

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Omi máa ń gbé ooru kúrò lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ lọ. Nínú oṣù kejì ọdún, tó bá ti di ìwọ̀n 15 nísàlẹ̀ òdo, gbogbo nǹkan gbẹ. Yìnyín tó bá já sórí aṣọ yín, ẹ kàn máa gbọ̀n ọ́n dànù ni. Àmọ́ láti ìparí oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kọkànlá, ìwọ̀n òdo sí 5 la sábà máa ń rí, pẹ̀lú òjò wínníwínní, irà, àti koríko tó kún fún omi. Ìgbà yìí gan-an ni ẹni tí kò mọ̀ máa ń ko àgbákò. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ fọkàn balẹ̀, òtútù ò tíì dé, ẹ má dá a lóhùn.

Aṣọ

Aṣọ òwú dára nínú ilé. Nínú igbó, ńṣe ló máa ń mu òógùn bí òwú àtùpà ṣe ń mu epo, kì í sì í tètè gbẹ. Èyí tó bá kan ara yín gan-an, ẹ jẹ́ kó jẹ́ aṣọ irun àgùntàn. Èyí tí wọ́n ń pè ní merino kì í yún ara. Irun àgùntàn ṣì ń mú ara móoru bó tilẹ̀ ti rin díẹ̀. Lórí ìyẹn, ẹ wọ ohun tó fúyẹ́ tó sì kún, bíi fílíìsì. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ ló ń mú wa móoru, wíwúwo aṣọ kọ́. Èyí tó wà lókè pátápátá lè tín-ín-rín. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dá atẹ́gùn àti òjò dúró.

Ẹ má lọ ná gbogbo owó oṣù yín sí i. Ṣòkòtò irun àgùntàn tí mo kọ́kọ́ ní, ní kirpputori ni mo ti rà á, ìyẹn ọjà òkìríkà wọn, ní yúrò 6. Òkìríkà níbí kò ní ìtìjú nínú rárá; olówó àti tálákà ló ń yẹ aṣọ wò níbẹ̀.

Èyí tó ṣòro fún mi jù láti kọ́ nìyí: bí ẹ bá ń jáde nílé, ó yẹ kí òtútù máa mú yín díẹ̀. Tí ara yín bá ti móoru dáadáa lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ti wọṣọ jù, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa làágùn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ẹ bọ́ ọ̀kan. Bí ẹ bá sì dúró, ẹ tètè wọ̀ ọ́ padà kí òtútù tó mú yín, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ń gbọ̀n. Lórí ìrìn wákàtí méjì, mo lè bọ́ aṣọ kí n tún un wọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mò ń ṣe bí ẹni tó ń dán aṣọ ọdún wò lọ́dọ̀ télọ̀. Ó lè máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ní ti bàtà, àwọn ará ibí kì í fi bàtà aláwọ olówó ńlá wọ irà. Bàtà rọ́bà ni, èyí tó ga dé ojúgun. Ẹ ra èyí tó fi nọ́ńbà kan ju ẹsẹ̀ yín lọ kí ìbọ̀sẹ̀ onírun méjì lè wọ inú rẹ̀, kí ọmọìka ẹsẹ̀ sì ráyè jó. Bàtà tó bá fún ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè kọjá, ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kò lè gbà á. Ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kan máa ń wà nínú ọ̀rá ní ìsàlẹ̀ báàgì mi nígbà gbogbo. Ní ti ìbọ̀wọ́, èyí tí ìka mẹ́rin jọ wà nínú yàrá kan gbóná ju èyí tí ìka kọ̀ọ̀kan dá ilé tirẹ̀ kọ́ lọ. Ẹ sì mú fóòmù pẹlẹbẹ kékeré kan dání tí ẹ ó máa jókòó lé. Òkúta tútù àti kùkùté tó rin máa ń gba ìdí fa ooru èèyàn lọ.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń dirun, ẹ dúró gbọ́ èyí, torí kò sí ará ibí tó máa sọ ọ́ fún yín. Irun tí a fi àtáṣímẹ́ǹtì dì kì í tètè gbẹ. Mo fọ orí lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fọwọ́ kàn án láàárọ̀, mo ní ó ti gbẹ. Ìwọ̀n 8 nísàlẹ̀ òdo ni ìta. Kí bọ́ọ̀sì tó dé, ìdí irun mi ti gan bí ìgbálẹ̀, ó ń dún kọ́kọ́kọ́ bí mo bá ti yíjú. Orí fífọ̀ di ọjọ́ tí mi ò bá ní jáde lọ́jọ́ kejì.

Ìmọ́lẹ̀

Ní nǹkan bí ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Láti ìgbà náà, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ní Rovaniemi, tí kò jìnnà sí Arctic Circle, ìlà tí wọ́n fà yí apá òkè àríwá ayé ká lórí máàpù, á máa dín ní bí ìṣẹ́jú 6 tàbí 7 lójoojúmọ́. Lọ́sẹ̀ kan péré, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ti lọ. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọ́n á dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, ìrọ̀lẹ́ á wá já lu èèyàn. Nítorí náà, kí n tó kúrò nílé, mo máa ń wo ìgbà tí oòrùn máa wọ̀, mo sì máa ń yí padà kí ìdajì àkókò tó kù tó tán, ì báà jẹ́ pé mo dé ibi tí mò ń lọ tàbí mi ò dé ibẹ̀.

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí. Fóònù kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì. Òtútù máa ń jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kú lójijì. Àpò inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ni ibùgbé rẹ̀. Ẹ fi áàpù tí wọ́n ń pè ní 112 Suomi sórí rẹ̀: bí ẹ bá ti inú rẹ̀ pe 112, yóò fi ibi tí ẹ wà hàn wọ́n. Nínú igbó tí igi kan kò yàtọ̀ sí èkejì, báwo lẹ ṣe fẹ́ júwe ọ̀nà?

Lójú títì, ẹ so heijastin mọ́ra, ike kékeré tó ń tan iná mọ́tò padà. Òfin ní kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú òkùnkùn lò ó. Ẹ jẹ́ kó máa fì ní ọ̀gangan orúnkún, níbi tí iná mọ́tò ń dé, ẹ má fi há ọrùn bí ẹ̀gbà. Bí ẹ̀yin gan-an bá ń wakọ̀, ẹ tètè pààrọ̀ táyà sí ti ìgbà òtútù, ẹ sì ṣọ́ra fún poro, àgbọ̀nrín ilẹ̀ wọn, tó máa ń dúró láàárín títì bí ẹni tó ni ín. Gbogbo wọn ló ní ẹni tó ni wọ́n. Bí mọ́tò yín bá gbá ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ pe 112.

Inú igbó

Wọ́n ní ẹ̀tọ́ kan tí wọ́n ń pè ní jokaisenoikeus, ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn. Ó fún yín láyè láti rìn nínú igbó onígbó, láti ká èso àti olú, àti láti pàgọ́ sùn fún ìgbà díẹ̀, kó ṣáà ti jìnnà sí ilé àti oko èèyàn. Kò fún yín láyè láti gé igi, láti bó èèpo igi tó wà láàyè, tàbí láti dáná láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀.

Èso tí mo fẹ́ràn jù ni puolukka, pupa, wẹ́wẹ́, ó kan díẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ni tirẹ̀. Ohun tó jọ ìyarun tí wọ́n kàn mọ́ agolo ni wọ́n fi ń kó o. Ó ní benzoic acid nínú láti ilẹ̀ wá, ohun tí kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ibí fi lè rọ ọ́ sínú ìgò, kí wọ́n bu omi lé e, kí wọ́n gbé e síbi tó tutù láìfi ṣúgà sí i. Olú ńkọ́? Èmi kì í ká a bí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò bá dúró tì mí. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní myrkkyseitikki tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́, ọjọ́ mélòó kan sì lè kọjá kí ẹni tó jẹ ẹ́ tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe òun. Ọbẹ̀ kankan kò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Àkókò ọdẹ hirvi náà nìyí, ẹranko tó ga ju ẹṣin lọ. Ẹ wọ ohun tó pọ́n bí ọsàn, kí ọdẹ lè mọ̀ pé èèyàn ni yín.

Iná wá ńkọ́? Ẹ wá laavu, àtíbàbà onígi tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tó ní ibi ìdáná. Lọ́pọ̀ ibi, wọ́n ti kó igi sí ahéré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Igi náà lè ti gba omi. Ẹ má bínú sí i. Ẹ fi àáké la ìtì kan sí mẹ́rin: ara ló rin, inú gbẹ. Ẹ mú ẹ̀là kan tó tó àtàǹpàkò, ẹ gbé e dúró lórí kùkùté, kí ẹ fi ọ̀bẹ fá a láti òkè wá sísàlẹ̀. Kí fífá náà má já o. Ẹ dá ọ̀bẹ dúró kó tó dé ìdí, kó ká síbẹ̀ bí irun orí ọmọ tuntun, kí ẹ tún fá òmíràn tì í. Bó bá pé bí ogún, ó ti di kiehinen. Ẹ ṣe mẹ́ta, ẹ fi wọ́n ti ara wọn bí igi àgọ́, kí apá tó ká wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì ṣáná sí abẹ́ rẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe gbà mí ní ìṣáná mọ́kànlá. Ní báyìí, ọ̀kan ti tó, àyàfi tí atẹ́gùn bá ń ṣe wàhálà. Sọ́sééjì tí wọ́n ń pè ní makkara ni wọ́n ń sun níbẹ̀. Kò ní ata rárá, nítorí náà ata gígún wà nínú àpò mi.

Orí omi dídì

Nínú oṣù kọkànlá, adágún á bẹ̀rẹ̀ sí í dì láti etí, níbi tí kò jìn. Ó máa ń dán, ó máa ń pe èèyàn. Omi dídì tuntun tó le, tó mọ́ gaara, tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 5, lè gbé ẹnì kan tó ń fẹsẹ̀ rìn. Èyí tó funfun bí wàrà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, èyí tí yìnyín bá sì bò mọ́lẹ̀ kì í tètè nípọn, torí yìnyín náà ti di kúbùsù fún un. Ẹ jìnnà sí abẹ́ afárá, ẹnu odò, àti ibi tí omi ti ń ṣàn nínú ọ̀nà tóóró. Ní ti odò Kemijoki, tí wọ́n dí láti fi pèsè iná mànàmáná, omi ń lọ sókè sódò nísàlẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Èmi kì í gun un.

Ẹ so naskalit kọ́rùn, ìṣó méjì tó ní èèkù. Bí omi dídì bá já mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ẹ yíjú sí ibi tí ẹ ti wá, torí ibẹ̀ ṣáà ti gbé yín rí. Ẹ gún ìṣó mọ́lẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ gbá omi bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, ẹ fa ara yín jáde. Ẹ má dìde dúró. Ẹ yí gbirigbiri títí ẹ ó fi jìnnà sí ihò náà. Lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ gbígbẹ, kíákíá.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá ìsàlẹ̀ ilé mú mi lọ dẹ ìwọ̀ ní adágún kan. Ó gbé ohun tí wọ́n fi ń lu ihò dání, ó gbé rúlà igi dání, ó gbé àga méjì dání. Kò tíì rìn ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ láti etí omi tó fi dúró, ó lu ihò, ó ki rúlà bọ̀ ọ́. Sẹ̀ntímítà 7. Mo ní ṣebí 5 ni wọ́n ní ó tó. Ó wo ara rẹ̀, ó wo èmi náà, ó wo àga méjèèjì. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó ní ká lọ mu kọfí.