Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá

Nígbà tí ìyá mi pé ẹni àádọ́rin ọdún, mo gbé àwòrán tó lé ní igba sórí Facebook, mo sì fi fídíò ibi tí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ti ń ki oríkì wọn tì í. Gbogbo ayé ló lè wò ó. Ohun ìdùnnú ni, kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́?

Àfi bí àbúrò mi tó wà ní Dublin ṣe pè mí. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ti gba lẹ́tà àwọn Facebook? Wọ́n ní gbogbo ohun tí a bá gbé síta làwọn máa fi kọ́ AI àwọn, ẹ̀rọ tó ń dáni lóhùn bí ènìyàn."

Mi ò gba lẹ́tà kankan.

Òun ti kọ orúkọ àti ímeèlì rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù kan, ó ti bọ́. Wọn ò tiẹ̀ bi í pé kí ló dé. Wọ́n ń bẹ̀rù GDPR, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, tí àwọn ará Yúróòpù ń lò láti 2018. Mo ní kó fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ n'Íbàdàn níbí, wọ́n ní kò sí fún agbègbè mi.

Mo wá a títí mo fi rí fọ́ọ̀mù mìíràn, èyí tí wọ́n ní ó wà fún gbogbo ènìyàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ sọ mí di wèrè. Wọ́n ní kí n kọ ìbéèrè tí mo bi AI náà àti èsì tó fún mi, kí n sì ya àwòrán ojú fóònù mi níbi tó ti sọ ọ̀rọ̀ nípa mi. Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tó ń ká aṣọ mi lórí okùn ló ní kí n lọ mú àwòrán ọjọ́ tó wọ̀ ọ́ wá, kí n tó lè sọ pé kó má ká èyí tó kù.

Odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ń bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè nípa ìyá mi. Ó ní òun ò mọ̀ wọ́n. Mo tún un bi, ó ní ṣé kí òun bá mi kọ ọ̀rọ̀ ìkíni ọjọ́ ìbí. Mo kọ òótọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé mi ò ní ẹ̀rí. Ẹ̀wà tí mo gbé kaná ò tíì rọ̀ tí èsì fi dé: wọn ò lè ṣe é. Mo tún un kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ímeèlì mi ti kú kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé. Dátà tí mo rà fún ọ̀sẹ̀ kan tán lálẹ́ ọjọ́ náà.

Inú ló bí mi tí mo fi lọ ka òfin tiwa. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023, abala 36: èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ kí wọ́n máa lo dátà rẹ̀, ìyẹn ìsọfúnni nípa rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà olójú ewé kan sí wọn, mo dárúkọ abala náà, mo sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí NDPC, àjọ tó ń rí sí òfin náà l'Ábújá. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà, àwọn Facebook fèsì pé àwọn gbà, àmọ́ láti ìsinsìnyí lọ ni o. Èyí tí wọ́n ti lò ti lọ nìyẹn. Síbẹ̀, mo ka lẹ́tà náà sókè fún ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ti ChatGPT, AI ilé-iṣẹ́ mìíràn, ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ: Settings, Data Controls, ẹ pa "Improve the model for everyone". Ẹ ó rí i.

Bó bá jẹ́ pé mo gbọ́n ni, àwòrán ni ǹ bá kọ́kọ́ tì kí n tó bá fọ́ọ̀mù jà. Ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí ti ọ̀rẹ́ nìkan ná.

Mo ti ti tiwa báyìí. Lánàá ni ẹ̀gbọ́n màmá mi pè mí: "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo gbé fídíò tí mo ti ki ìyá rẹ sí? Mo fẹ́ fi han àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò rí i mọ́."