Triathlon Àkọ́kọ́ Yín: Omi Ni Kẹ́ ẹ Kọ́kọ́ Mú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ fẹ́ ṣe triathlon lọ́dún yìí, ẹ máa lúwẹ̀ẹ́, ẹ ó jáde bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ ẹ ó tún sáré, aago ò sì ní dúró dè yín láàárín. Èyí tí wọ́n ń pè ní sprint ló dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: omi 750 mítà, kẹ̀kẹ́ 20 kìlómítà, eré 5 kìlómítà. Ti Olympic jẹ́ ìlọ́po méjì ẹ̀, ẹ fìyẹn sílẹ̀ ná.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn tàbí ikọ́ fée, ẹ rí dókítà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Omi ni mo fẹ́ ká gbájú mọ́ torí ibẹ̀ lẹ̀mí wà. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, kó wá kóòṣì, kó má dá lọ sódò, mo bẹ̀ yín. Nínú púùlù onímítà 25, àlọ 15 àti àbọ̀ 15 ló ń jẹ́ 750. Kì í ṣe apá ló ń kọ́kọ́ rẹ èèyàn, èémí ni, torí ọ̀pọ̀ wa máa ń sé èémí sínú omi. Ẹ máa fẹ́ ẹ jáde nímú díẹ̀díẹ̀ kí omi máa hó lójú yín, kó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mímí sínú nìkan ló kù.

Adágún yàtọ̀ sí púùlù, kò sí ìlà nísàlẹ̀ tẹ́ ẹ máa wò, ẹ ní láti máa gbójú sókè bí ọ̀nì lóòrèkóòrè. Ó tún tutù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ Serpentine, adágún tó wà ní Hyde Park ní London, níbi tí Alistair Brownlee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gba gold triathlon nínú Olympic lọ́dún 2012, èémí mi kàn ń já ni, mi ò lè ki ojú bọ omi. Ẹ bu omi sójú àti sọ́rùn, ẹ dúró títí èémí á fi wálẹ̀, ẹ wá lọ. Tí ẹ̀rù bá bà yín lọ́jọ́ eré, ẹ dojú sókè kẹ́ ẹ léfòó, tàbí kẹ́ ẹ di bọ́ọ̀yì, ìyẹn ohun tó ń léfòó tí wọ́n fi sàmì ọ̀nà nínú omi, mú sinmi, òfin gbà á, ẹ má ṣáà fi fa ara yín síwájú.

Kẹ̀kẹ́ olówó ńlá kọ́, èyí tí bíréèkì ẹ̀ ń mú dáadáa ti tó. Ẹ de akoto yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, ẹ má tú u títí ẹ ó fi gbé kẹ̀kẹ́ padà síbi tẹ́ ẹ gbé e kọ́.

Tẹ́ ẹ bá sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ ní kẹ́ ẹ máa sáré, ẹsẹ̀ á wúwo bí odó, ẹ ò ní mọ̀ pé tiyín ni. Ẹ jẹ́ kó mọ́ ọn lára: ní Sátidé, ẹ gun kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 40, kẹ́ ẹ ní kí ọmọ gbé bàtà eré sẹ́nu ọ̀nà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kíá, ẹ sáré ìṣẹ́jú 10 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 12 tó, ẹ̀ẹ̀mejì-mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kan fún ìsinmi pátápátá. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ eré, ẹ tẹ́ táwẹ̀ẹ̀lì sílẹ̀ nílé, ẹ to akoto, bàtà àti ike omi sí i bẹ́ ẹ ṣe máa lò wọ́n, kẹ́ ẹ sì fi dánra wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta.