Omi Rédíétọ̀ Ń Dín Kù, Abẹ́ Ọkọ̀ sì Gbẹ: Bí Mo Ṣe Wá Ibi Tó Ń Jò Rí

Toyota Corolla ọdún 2000 ni, tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ lójú títì. Omi rédíétọ̀ ń dín kù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibi tí wọ́n ń páàkì ẹ̀ sí kì í tutù. Èéfín funfun kò jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò sì dà bíi tíì oní-mílíìkì, torí náà mi ò tíì di ẹ̀bi ru gáàsíkẹ́ẹ̀tì òkè (èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀). Kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ èrò iwájú ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Ó rin gbingbin.

Omi mẹ́ta ló lè débẹ̀: omi òjò, omi A.C., àti omi rédíétọ̀. Omi A.C. mọ́ gaara, kì í rùn. Ìdọ̀tí ló máa ń dí rọ́bà tó yẹ kó gbé e jáde sábẹ́ ọkọ̀. Kúláǹtì, ìyẹn omi aláwọ̀ tó yẹ kó wà nínú rédíétọ̀, ní àwọ̀, ó ń yọ̀ láàárín ìka, òórùn rẹ̀ dùn, ó sì lè fi nǹkan bí òróró sára gíláàsì iwájú látinú. (Ẹ má fi ahọ́n tọ́ ọ wò o, májèlé ni. Ẹ má sì dà á síbi tí ajá tàbí ewúrẹ́ ti lè lá a.) Wàhálà tiwa ni pé omi lásán ni ọ̀pọ̀ ń bù sí rédíétọ̀, omi lásán ò sì ní àwọ̀ tó máa tú àṣírí ẹ̀. Bí Corolla yìí ṣe rí nìyẹn. Mo bá pa A.C. pátá, mo tẹ́ tíṣù funfun sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, mo wa ọkọ̀ náà títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná dáadáa. Òjò ò rọ̀, síbẹ̀ tíṣù tutù, ó sì pọ́n bí ìpẹtà. Omi rédíétọ̀ ni, hítà ni mo sì fura sí.

Àwọn èèyàn á ní, "Èmi ò lo hítà rí." Kò kan lílò. Hítà jẹ́ rédíétọ̀ kékeré kan tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, họ́ọ̀sì méjì ló ń gbé omi gbígbóná lọ bọ̀ láàárín òun àti ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, téèyàn bá yí i sí tútù, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń dí lọ́nà. Omi ṣì ń yí po níbẹ̀. Omi bóòhóòlù á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, mo ṣí rédíétọ̀, mo de pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń dán an wò mọ́ ọn lẹ́nu. Ìdérí rédíétọ̀ ló ń sọ iye agbára afẹ́fẹ́ tí a ó fún un: tí 1.1 bá wà lórí ẹ̀, ó tó bíi 16 psi. Mi ò kọjá ibẹ̀, torí àpọ̀jù lè bẹ́ ohun tí kò tíì jò. Abẹ́rẹ́ gééjì pọ́ǹpù ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ibì kan ń jò. Mo tan tọ́ọ̀ṣì yí wọ́tà pọ́ǹpù, gbogbo họ́ọ̀sì àti etí rédíétọ̀ ká, gbogbo wọn gbẹ. Inú ọkọ̀ ni omi ti ń kán, láti ìdí àpótí hítà.

Ó ṣì ku ohun kan kí n tó dá hítà lẹ́bi. Ojú ibi tí họ́ọ̀sì ti so mọ́ páìpù rẹ̀ lè máa jò, kí omi máa tọ páìpù wọlé. Mo nu ojú ibẹ̀, mo wé tíṣù mọ́ ọn, mo tún fọ́n pọ́ǹpù. Tíṣù gbẹ.

Mo wá yọ họ́ọ̀sì méjèèjì. Ẹ má lọ́ wọn, páìpù hítà tó ti gbó lè kán. Bíléèdì ni kí ẹ fi là á. Mo gé ibi tí mo là kúrò, mo fi páìpù kọ́pà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 16 mm so họ́ọ̀sì kan mọ́ èkejì, kílíìpù kan lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kàn dí wọn lẹ́nu, torí àwọn ẹ́ńjìnnì kan nílò kí omi máa gba ojú ọ̀nà yẹn. Mo tún fọ́n pọ́ǹpù: abẹ́rẹ́ dúró fún ìṣẹ́jú 15 láìmira. Ìdánwò tó dájú jù nìyí, òun náà sì ni àtúnṣe.

Téèyàn bá fẹ́ pààrọ̀ hítà gan-an, dáṣíbọ́ọ̀dù á fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, mi ò rò pé ó tó bẹ́ẹ̀, A.C. á nu ìkùukùu gíláàsì nígbà òjò. Ẹni tó ń gbé Jos lè rò ó dáadáa. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ pé kó dí ojú ihò, mi ò lò ó: ihò tóóró inú rédíétọ̀ ńlá náà kò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Kúláǹtì àti omi mímọ́ ní ìlàjì-ìlàjì ni mo dà padà. Èyí tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀ kì í gba omi mọ́. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ní ìdérí ṣíṣí títí họ́ọ̀sì òkè fi gbóná, tí ìfóófòó dáwọ́ dúró, mo fi kún un, mo sì dé e. Afẹ́fẹ́ tó bá há síbẹ̀ ló máa ń gbé gééjì gòkè.

Ẹ má gbàgbé kápẹ́ẹ̀tì. Wáyà àti brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) lè wà nítòsí, irin ilẹ̀ ọkọ̀ sì ń dípẹtà. Sípánà 14 ló tú ìjókòó. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn. Fóòmù abẹ́ ẹ̀ ló ń pẹ́ gbẹ jù: tó bá ṣì wúwo lọ́wọ́, ẹ má tíì dá a padà.