Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi Caro-Kann ṣòfò owó

Owó tó yẹ kẹ́ ẹ fi jẹ iyán lẹ fi ń ra fídíò Caro-Kann, ìyẹn ọ̀nà kan tí dúdú máa ń gbà bẹ̀rẹ̀ ṣẹ́ẹ̀sì. Ọ̀kan nínú yín dé ìsọ̀ wa ní Òkèṣà, ní Adó-Èkìtì, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti ra aago ṣẹ́ẹ̀sì, ó ti ra fídíò Caro-Kann, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì kúrò ní c8, àyè tó ti bẹ̀rẹ̀ lórí pátákó, títí a fi ta ṣẹ́ẹ̀sì náà tán.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn. Funfun gbé pọ́ọ̀nù sí e4, ẹ gbé tiyín sí c6. Ó gbé d4, ẹ gbé d5. Ó dáa. Ó wá ti e5 síwájú, ẹ sì sáré gbé e6! Láti ayé Horatio Caro àti Marcus Kann, ní 1886, torí kí bíṣọ́ọ̀bù yẹn lè rọ́nà jáde la ṣe ń fara da c6. Ẹni tó bá fẹ́ tì í mọ́lé, kó yáa ta ìbẹ̀rẹ̀ míì tí wọ́n ń pè ní French.

Ìkejì: bí bíṣọ́ọ̀bù yín bá ti dé f5, tí funfun gbé h4, ẹ gbé h5. Bẹ́ ẹ bá gbé e6, pọ́ọ̀nù funfun ní g4, f3 àti h5 á lé bíṣọ́ọ̀bù yín wọ pàkúté.

Ẹ má fi olorì lọ jẹ pọ́ọ̀nù b2. Mi ò ní ṣàlàyé.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kẹ́ ẹ há fídíò sórí, kẹ́ ẹ má wo ohun tí ẹlòmíì gbé. Èmi náà jìyà ẹ̀ rí. Ọmọ iléèwé girama kan jókòó síwájú mi, gúgúrú àtẹ̀pà lọ́wọ́. Lẹ́yìn e4, c6, d4 àti d5, ẹṣin rẹ̀ bọ́ sí c3, mo jẹ pọ́ọ̀nù e4, ẹṣin náà jẹ ẹ́ padà. Mo gbé ẹṣin sí d7 bí mo ṣe há a. Ó gbé olorì sí e2. Mo bú sẹ́rìn-ín: olorì wo ló ń dí bíṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ lọ́nà? Mo gbé ẹṣin kejì sí f6. Ọmọ náà nu iyọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó gbé ẹṣin sí d6.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú, ọba ti wàjà."

Pọ́ọ̀nù e7 ò lè jẹ ẹṣin yẹn, torí bó bá kúrò lọ́nà, olorì e2 ń wo ọba lójú. Àwọn ìjòyè mi gan-an ló ká ọba mọ́. Ẹṣin d7 ló yẹ kó lọ sí f6, kí olorì mi lè ráyè ṣọ́ d6.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ló gbé! Gúgúrú rẹ̀ ò tíì tán. Títí dòní, Bọ̀dá Mẹ́fà ló ń pè mí.