Ife funfun orí èèpo igi: bí mo ṣe pè é lórúkọ ẹlòmíì

Ẹ̀ka igi gbígbẹ kan ni mo fẹ́ gbé kúrò lọ́nà lẹ́yìn òjò, ni mo bá rí àwọn nǹkan funfun rẹrẹ lára èèpo rẹ̀, àfi bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i. Ẹyin kòkòrò ni mo kọ́kọ́ pè é. Ìgbà tí mo gbé awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá sójú ni mo rí i pé olú ni wọ́n, olú tó rí bí ife: ife kéékèèké, irun funfun yí etí wọn ká, inú wọn sì dà bí eérú. Èyí tó tóbi jù kò ju mìlímítà kan lọ.

Mo gé èèpo náà díẹ̀, mo fi bébà pọ́n ọn. Ẹ má fi ọ̀rá dì í o, ebu ni yóò bò ó. Kí n tó délé, wọ́n ti gbẹ, gbogbo ife ti panu dé, ó ku kóró funfun onírun lásán. Àyà mi já. Mo kán omi sí wọn lórí, kò pẹ́ tí wọ́n tún fi lanu.

Mo wá kó orúkọ àwọn ohun tó lè jẹ́ jọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe lichen, ìyẹn olú tó ń bá ewédò gbé pọ̀, nítorí mo ha abẹ́ rẹ̀, n kò rí àwọ̀ ewé kankan níbẹ̀. Orbilia, olú mìíràn tó rí bí ife, máa ń dán bí ìda, kò sì nírun. Mollisia, òun náà olú tó rí bí ife, ní àwọ̀ eérú lóòótọ́, àmọ́ kò nírun gígùn bíi tèyí. Ó wá ku Lachnum virgineum, funfun, onírun, tí kò tóbi jù báyìí lọ. Mo kọ orúkọ yẹn sínú ìwé mi tìdùnnú-tìdùnnú. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń yọ mí lẹ́nu: Lachnum ní ẹsẹ̀ kúkúrú tó fi ń dúró, èyí tèmi sì jókòó pa sórí èèpo. Mo ní bóyá kò tíì dàgbà ni. Àwáwí kì í wọ́n ẹni tó ti pinnu tẹ́lẹ̀.

Ó kù kí n fi maikirosíkóòpù jẹ́rìí sí i. Mo fi bíléèdì rẹ́ ife kan, mo tẹ́ ẹ sínú ẹ̀kán omi lórí gíláàsì. Omi ló yẹ kó ṣáájú, torí pé áyódìn àti àwọn kẹ́míkà yòókù máa ń pa ohun tó ṣì wà láàyè nínú olú náà, ohun tí èèyàn ìbá rí a sì pòórá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rẹ́ ẹ kó tó fẹ́lẹ́ tó.

Spore ni ẹyọ wẹ́wẹ́ tí olú fi ń bí sí i. Inú àpò gígùn tó gba mẹ́jọ, tí wọ́n ń pè ní ascus, ni ìdílé Lachnum ti ń so tiwọn, àpò yẹn ni mo sì ń wá. N kò rí ọ̀kan. Mo kán áyódìn sí i, bóyá orí àpò kan á di aláwọ̀ búlúù, bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ irú wọn. Kò sí. Ilẹ̀ ti ṣú kí ojú mi tó lọ sára àwọn spore tó léfòó káàkiri. Wọ́n sanra jù! Ti Lachnum virgineum rí tẹ́ẹ́rẹ́, ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi máíkírómítà 2 lọ (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan). Mo wọn ogún nínú ti èmi, púpọ̀ nínú wọn sì gùn tó 12, ìbú wọn tó 9.

Létí ibi tí mo rẹ́ ni mo ti rí i: kùmọ̀ kékeré kan tó hu ìwo mẹ́rin, spore jókòó sórí ìwo. Ìta ló ń so, kì í ṣe inú àpò. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ìdílé tí mo ti ń wá a láti àárọ̀ rárá. Àwọn olú alágboòrùn ni ìbátan rẹ̀, òun kàn yàn láti rí bí ife ni.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà là. Ife tó wà lórí èèpo igi gbígbẹ, inú rẹ̀ eérú tó fẹ́ jọ àlùkò, irun rẹ̀ nípọn, ó ń ṣóńṣó lọ sókè, kírísítálì sì lẹ̀ mọ́ ọn: Lachnella alboviolascens.

Mo fa igi lé orúkọ àkọ́kọ́ yẹn. Àpò bébà méjì tí mo ti kọ Lachnum sí lára tipẹ́ ṣì wà nínú àpótí mi. Mo ti kán omi sí ọ̀kan báyìí, mo ń dúró kó lanu.