Bí Òbí Ṣe Lè Gba Owó Gbà-má-bìínú fún Ọmọ Tó Farapa Nígbà Ìbí

Òbí tó bá fura pé àìbìkítà dókítà tàbí agbẹ̀bí ló mú kí apá ọmọ òun rọ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀, nítorí pé bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba ni, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi oṣù 3 péré ṣe gbèdéke ìpẹ̀jọ́.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ kọ lẹ́tà béèrè ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìtọ́jú, pàápàá ìwé tí wọ́n fi ń ṣọ́ bí ìrọbí ṣe ń lọ, níbi tí wákàtí àti bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù ti máa ń hàn. Àlàfo gígùn tí wọn kò kọ nǹkan kan sí níbẹ̀ lè sọ púpọ̀. Ẹ gbé e fún agbẹjọ́rò, kí ó wá dókítà mìíràn tó mọ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí dunjú, nítorí pé láìsí ẹ̀rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ kì í sábà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Fún ẹni tó bá wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Ilé Ẹjọ́ Gíga wà ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, òbí ló sì máa ń pẹjọ́ lórúkọ ọmọ. Àwọn àgbà ìdílé lè ní kí ẹ fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan tí ilé ìwòsàn bá gbé wá kí agbẹjọ́rò yín tó kà á.